Fadá, Ọkọ́ àti Ìdin

Ní ọdún 1841, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán wá ń fi èéfín gòkè odò Ọya, tí Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí a kó lẹ́rú tí Olódùmarè sì kó yọ, wà láàárín àwọn tí ó wà nínú wọn, kì í ṣe Ìwé Mímọ́ nìkan ni ó wà nínú ẹrù tí wọ́n dì. Ohun èlò oko wà níbẹ̀, irúgbìn wà níbẹ̀, àwọn tí yóò fi wọ́n ṣiṣẹ́ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Thomas Fowell Buxton, tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jà ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì pé kí òwò ẹrú kásẹ̀ nílẹ̀, ni ó ti kọ ọ́ sínú ìwé pé bí a bá fẹ́ kí òwò burúkú náà kú tán ní ilẹ̀ Áfíríkà, Bíbélì àti ohun ìtúlẹ̀ ni kí a jọ kó wọ ibẹ̀. Wọ́n gba ilẹ̀ ní Lọ́kọ́ja, níbi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núè ti pàdé, wọ́n dá oko àwòkọ́ṣe sí i. Ṣùgbọ́n ibà kò jẹ́ kí wọ́n fìdí múlẹ̀, ó pa ju ogójì lọ nínú àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ náà, kò sì tó ọdún kan tí a fi pa oko náà tì.

Ohun tí ọkọ̀ òyìnbó kò lè ṣe yọrí ni àwọn ọmọ ilẹ̀ wa fi ọwọ́ ara wọn ṣe. Lẹ́yìn ìjà tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní ìjọ St. Paul's, Breadfruit, l'Ékòó ní ọdún 1901, tí ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ sì jáde kúrò lábẹ́ CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Gẹ̀ẹ́sì, láti dá African Church sílẹ̀, Jacob Kẹ́hìndé Coker, tí ó wà lára àwọn aṣíwájú wọn, ní oko kòkó rẹpẹtẹ ní Ìfakọ̀ lẹ́bàá Agége. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin a máa ti ìlú òkè wá gba iṣẹ́ ní agbègbè náà; wọ́n á ro oko, wọ́n á gba owó, wọ́n á kọ́ bí a ti ń tọ́jú igi kòkó, wọ́n á sì gbọ́ orin àti ẹ̀kọ́ ìjọ; nígbà tí wọ́n bá sì ń padà lọ sílé, èso kòkó a wà nínú àpò, ìgbàgbọ́ a wà lọ́kàn, ọ̀pọ̀ ìletò tí kò rí àlùfáà tí ó wọ aṣọ funfun rí a sì ti ọwọ́ alágbàṣe oko gba méjèèjì pọ̀.

Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá ń sọ lónìí pé kí àlùfáà má fi ọwọ́ kan ọkọ́, pé ibi pẹpẹ ni kí ó jókòó sí kí ó fi ọ̀rọ̀ oko sílẹ̀ fún àgbẹ̀, kò mọ ìtàn ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí n kò rí i pé àwọn aṣíwájú wọ̀nyẹn béèrè tó, bí iṣẹ́ wọn ti tóbi tó: inú ìkòkò ta ni èso oko náà yóò ti jinná? Owú tí Buxton fẹ́ kí a máa gbìn, ilé ẹ̀rọ Manchester ni ó ń lọ. Kòkó tí Agége gbìn, ọkọ̀ ni ó ń gbé e lọ, àgbẹ̀ tí ó fi òógùn ojú gbìn ín lè dàgbà kí ó sì kú láìmọ adùn tí òyìnbó ń jẹ nínú rẹ̀. Igbó kìjikìji tí a ṣán kí kòkó tó lè rí ibi dúró kò sí nínú ìṣirò ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀, ògẹ́rẹ́ afọkọ́yerí, tí ó ń bọ́ wa láàyè tí ó sì ń gbà wá mọ́ra nígbà tí a bá kú, ni ó san gbèsè náà. Ìbéèrè ìkòkò yìí àti ìbéèrè ilẹ̀ yìí ni ó ya iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣàlàyé sọ́tọ̀ kúrò lára ti àtijọ́. Iṣẹ́ náà ni ti òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí ó fi ìwàásù, ìtọ́jú ilẹ̀ òun omi, àti ìjà kí oúnjẹ tí ó dára lè wà ní àrọ́wọ́tó tálákà, ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo, tí kò fi ọ̀kan ṣe àfikún èkejì.

Ibi tí mo ti lè fi í hàn ní kedere jù kò jìnnà sí wa. Àjàṣẹ́ ni, ìlú tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, tí ó wà ní ìkọjá ẹnubodè lẹ́yìn Àgbádárìgì, tí a sì ti ń gbọ́ èdè Yorùbá ní ọjà rẹ̀ pọ̀ mọ́ èdè Gun láti ayébáyé.

Ibùdó oko kan wà níbẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà ni Godfrey Nzamujo tí ó dá ibùdó náà sílẹ̀, àlùfáà Kátólíìkì ní ẹgbẹ́ Dòmíníkì, ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn nítorí ìwàásù gan-an. Ó kàwé, ìwé náà sì wọ̀ ọ́ lára: ó gba oyè nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́, ó sì gba oyè nínú ìmọ̀ àwọn ohun ẹlẹ́mìí tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú lásán kò lè rí, ó wá ń ṣe olùkọ́ ní Califọ́níà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 nígbà tí tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwòrán ìyàn ilẹ̀ Áfíríkà jáde, àwọn ọmọdé tí egungun wọn ṣeé kà, àwọn ìyá tí ọmú wọn ti gbẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rí àwòrán náà, wọ́n sunkún, wọ́n dá owó. Kò sì sí ẹni tí yóò bá wọn wí. Fadá Nzamujo rí i, ó sì di ẹrù rẹ̀, tí ó fi padà wá sí ilẹ̀ Áfíríkà láti wá ilẹ̀ tí yóò ro.

Ìjọba tí ó fún un ní ilẹ̀ yóò ya ènìyàn lẹ́nu. Ìjọba Mathieu Kérékou ni, ìjọba ológun tí ó ti kéde pé ẹ̀kọ́ Marx àti Lenin ni òun yóò máa tẹ̀ lé, tí ó pa orúkọ Dàhòmì dà sí Benin ní 1975, tí ó sì ti gba ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ìjọ mọ́ wọn lọ́wọ́. Irú ìjọba bẹ́ẹ̀ ni ó gé hẹ́kítà ilẹ̀ kan fún àlùfáà Kátólíìkì ní Ouando, ní ìgboro Àjàṣẹ́, ní ọdún 1985. Ojú tèmi ni mo fi wò ó, mo sì rò pé bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ ilé ìsìn ni ó tọrọ, kì bá tí rí i gbà. Ilẹ̀ tí yóò fi bọ́ ènìyàn ni ó tọrọ, ebi sì ni ọ̀tá kan tí ọmọ Marx àti ọmọ ìjọ jọ ní. Òun àti àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ tí ilé-ìwé ti já sílẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ro ilẹ̀ náà. Ó sọ ibẹ̀ ní Songhai, orúkọ ilẹ̀ ọba ńlá tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Gao, tí ó gbilẹ̀ létí odò Ọya ní ìgbà láéláé kí ìbọn àwọn ará Mòrókò tó fọ́ ọ ní 1591. Ó fẹ́ kí ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ náà rántí pé ọmọ Áfíríkà ti dá dúró rí.

Wàyí o, bí iṣẹ́ náà ti ń rìn ni kí a wò, nítorí ẹni tí ó bá sọ pé òun ń fi ẹ̀sìn tún ayé ṣe tí kò lè sọ bí òun ti ń tún un ṣe, ìtàn lásán ni ó ń pa. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó rẹlẹ̀ jù, láti ibi tí imú ẹlòmíràn kò ní lè dúró: ìdin.

Gbogbo ẹni tí ó ń sin ẹja mọ̀ pé oúnjẹ ẹja ni ó ń jẹ èrè ẹja run. Àpò oúnjẹ ẹja tí a ń rà lọ́jà wọ́n, nítorí pé ẹja àrọ̀ kì í fi àgbàdo nìkan sanra. Ó ń fẹ́ ohun tí ó ní ẹran nínú, àwọn tí ń ṣe oúnjẹ náà sì sábà máa ń fi ẹja mìíràn tí a kó láti inú òkun, tí a sá gbẹ tí a lọ̀, pọ̀ mọ́ ọn. Tálákà tí ó bá ń ra irú èyí ń fi owó rẹ̀ bọ́ oníṣòwò kí ó tó bọ́ ẹja. Ohun tí wọ́n ń ṣe ní Àjàṣẹ́ ni pé wọ́n ń kó ìgbẹ́ adìyẹ, èèrí ọkà àti ìfun ẹran tí a pa sínú ọpọ́n sìmẹ́ńtì tí kò jinlẹ̀, wọ́n á bu omi rin ín, wọ́n á sì ṣí i sílẹ̀. Eṣinṣin, tí gbogbo ilé ń fi abẹ̀bẹ̀ lé, ni a ń fi ìwé pè wá jẹ àsè níhìn-ín. Ó dé, ó bà, ó yé ẹyin. Ilẹ̀ kì í ṣú mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì kí ẹyin náà tó pa, nígbà tí yóò sì fi di ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ìdin funfun ti sanra, wọ́n ń rọ́ lu ara wọn, gbogbo ojú ọpọ́n ń mì. Ẹni tí ó ń tọ́jú wọn kò gbọdọ̀ sùn lọ. Bí ó bá fi wọ́n sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ara wọn yóò le, wọn yóò pọ́n bí ẹ̀wà, wọn yóò sì di eṣinṣin tí yóò fò lọ, tí yóò tún wá di ìyọnu àdúgbò. Nítorí náà, ní àkókò gan-an ni yóò gbọ̀n wọ́n kúrò nínú pàǹtí, yóò ṣan wọ́n, yóò dà wọ́n sínú omi. Ariwo tí ẹja àrọ̀ ń pa lójú omi nígbà náà, bí wọ́n ti ń fo tí wọ́n ń já a gbà lẹ́nu ara wọn, ju ti ọmọ ilé-ìwé lọ lákòókò ìjẹun. Pàǹtí tí ó kù nínú ọpọ́n kò ní lọ sí àkìtàn, orí ebè ẹ̀fọ́ ni ó ń lọ.

Bí a bá fi ìdin sílẹ̀ tí a kọjá sí ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ àti ti màlúù, ìgbẹ́ wọn kì í wà nílẹ̀ pẹ́. A ó po ó mọ́ omi, a ó dà á sínú kòtò tí a mọ tí a sì dé pinpin tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, àwọn ohun tín-ín-tìn-ìn-tín tí Fadá Nzamujo gba oyè nítorí wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ nínú òkùnkùn níbẹ̀. Èémí tí ó ń jáde lára iṣẹ́ wọn ni gáàsì tí ó ń gba inú páìpù lọ sí ilé ìdáná, tí ó ń jó bí iná èyíkéyìí. Gbogbo ìkòkò tí ó bá ti orí iná yìí jinná ni ó dá igi kan sí nínú igbó. Omi dúdú tí ó kù nínú kòtò, tí òórùn rẹ̀ ti dínkù púpọ̀, a di ajílẹ̀ fún oko. Nínú kòtò yìí kan náà ni a lè gé ewé kan sí, ewé orí omi tí ó ní òdòdó elésè àlùkò, tí wọ́n gbé ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá nítorí ẹwà rẹ̀ tí ó sì wá di ìjàngbọ̀n fún gbogbo apẹja láti Ẹ̀pẹ́ títí dé ọ̀sà Nokoué, nítorí pé kì í jẹ́ kí ọkọ̀ kọjá, kì í sì í jẹ́ kí ẹja mí. Àwọn apẹja ń bú u, Songhai ń kó o wọ kòtò.

Omi inú adágún ẹja, nígbà tí ó bá ti dọ̀tí, a máa ṣàn lọ bomi rin ẹ̀fọ́, nítorí ìdọ̀tí ẹja ni ọrá ẹ̀fọ́. Irin àlòkù tí àwọn mìíràn ti dà nù, àwọn alágbẹ̀dẹ inú ọgbà náà ń jó o pọ̀ di ẹ̀rọ tí a fi ń pa ìrẹsì àti èyí tí a fi ń rin gbágùúdá. Ilé ìtajà wà, ilé oúnjẹ wà, níbi tí èso ti ń di ohun mímu inú ìgò tí sóyà sì ń di òróró, kí àgbẹ̀ má baà ta ohun oko rẹ̀ ní tútù fún alájàpá kí ó sì tún fi ìlọ́po owó náà rà á padà ní gbígbẹ.

Ẹlòmíràn lè bi mí pé: níbo ni iṣẹ́ àlùfáà wà nínú gbogbo èyí? Ṣé kì í ṣe pé Fadá kàn fi agbádá ìjọ sílẹ̀ wọ ẹ̀wù àgbẹ̀ ni? Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Nínú ìtàn búrẹ́dì márùn-ún àti ẹja méjì, tí gbogbo oníwàásù fẹ́ràn láti sọ nítorí ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọkùnrin tí ó yó, ibì kan wà tí wọ́n máa ń sáré kọjá: lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn ti yó, Jésù ní kí wọ́n ṣa èérún tí ó kù jọ kí ohunkóhun má ṣe ṣòfò, wọ́n sì ṣa á, ó kún agbọ̀n méjìlá. Ẹni tí ó lè fi díẹ̀ bọ́ ọ̀pọ̀ kò tìtorí àìní ṣa èérún. Ní Àjàṣẹ́, èérún náà ni ìgbẹ́ adìyẹ, ìfun ẹran, ewé orí omi àti irin àlòkù, tí ó fi mọ́ ọ̀dọ́ tí ilé-ìwé já sílẹ̀ tí gbogbo ará ilé ti ń pè ní aláìníláárí. Ìwàásù tí a fi ẹnu ṣe lórí ẹsẹ Ìwé Mímọ́ yìí kì í pé wákàtí kan. Èyí tí a fi ọwọ́ ṣe ti lé ní ogójì ọdún báyìí kò tíì parí.

Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń gbà síbẹ̀, oko ni wọ́n ń kọ́ wọn. Wọ́n á lò tó ọdún kan àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á kọ́ ohun ọ̀gbìn, ẹran sínsìn àti ẹja sínsìn, wọ́n á sì kọ́ bí a ti ń kọ ìwé owó oko, èyí tí mo rò pé ó ṣòro jù nínú gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ náà ti tàn dé Savalou àti Parakou ní Benin, ó wọ Ìpínlẹ̀ Delta àti Ìpínlẹ̀ Rivers ní Nàìjíríà. Àwọn tí ń fi ẹ̀bùn dá aṣíwájú lọ́lá nítorí ìgbógun ti ebi ní Áfíríkà fi tiwọn dá Fadá náà lọ́lá ní 1993, Àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé sì ka ibẹ̀ sí ojúlówó ibùdó ẹ̀kọ́ fún gbogbo agbègbè yìí ní 2008. Ṣùgbọ́n kí n má fi adùn pa ọ̀rọ̀ mọ́. Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ tán kì í sábà ní ilẹ̀, kì í sì í ní owó tí yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, ilẹ̀ ẹbí ni ilẹ̀. Ọmọkùnrin tí ó ti kọ́ bí a ti ń gbin nǹkan lé hẹ́kítà méjì dáradára lè dé ilé kí ó bá àwọn ẹ̀gbọ́n baba rẹ̀ tí wọ́n ti ta ilẹ̀ náà fún akọ́lé, ọmọbìnrin sì lè máà rí ẹni tí yóò tilẹ̀ pè é sí ìjókòó níbi tí a ti ń pín in. Nítorí èyí ni wọ́n fi kó àwọn tí ó ti jáde jọ sínú ẹgbẹ́, kí wọ́n lè máa ran ara wọn lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ owó àti ọjà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ìwàásù tí kò bá dé ọ̀dọ̀ baálé àti olórí ẹbí lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ìdajì iṣẹ́ ni ó ṣe.

Níhìn-ín ni ìyàtọ̀ wà láàárín ìtọrẹ àánú àti òdodo. Nígbà Kérésìmesì àti nígbà Iléyá, a máa ń rí i bí àwọn ilé ìsìn ti ń fi ìrẹsì ta tálákà lọ́rẹ, kóńgò kan tàbí méjì fún opó kọ̀ọ̀kan, ayàwòrán a sì dúró tì wọ́n kí ọwọ́ opó náà tó kan àpò. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe, n kò sì ní bú ẹni tí ó mú ebi ọjọ́ kan kúrò; ṣùgbọ́n ìrẹsì tí ó ti òkè òkun wá, tí ó tán ní ọjọ́ kẹta, tí kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè ìdí tí àgbẹ̀ ìrẹsì ní Ọ̀fàdà kò fi rí ọjà tà, kì í ṣe òdodo. Òfin àtijọ́ mọ ìyàtọ̀ yìí ju tiwa lọ. A sọ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì pé kí wọ́n má ṣe kórè dé igun oko, kí igun náà lè jẹ́ ti tálákà àti àlejò. Kò pè é ní ọrẹ, igun náà jẹ́ tiwọn, bí Rúùtù ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ pèéṣẹ́ nínú oko Bóásì tí kò sì tọrọ jẹ. Àwọn Mùsùlùmí pẹ̀lú ní sàká ohun oko, tí ó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá bí ó bá jẹ́ pé òjò ni ó rin oko náà, ìdá kan nínú ogún bí ó bá jẹ́ pé olóko fi làálàá fa omi sí i. Ẹ wo bí òfin náà ti wọn òógùn àgbẹ̀ wò kí ó tó dá ẹ̀tọ́ tálákà lé e lórí.

Àwọn baba wa tí kò mọ Bíbélì tí kò mọ Kùránì kò sì ṣàì mọ apá kan ọ̀rọ̀ yìí. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, nǹkan bí hẹ́kítà 75, wà títí di òní nítorí pé a kì í gé igi níbẹ̀, a kì í dẹ ẹran níbẹ̀, a kì í pa ẹja inú odò náà níbẹ̀. Nígbà tí èèwọ̀ náà ń rọ̀, tí àwọn kan ti ń gé igi tí wọ́n sì ń tà á, obìnrin kan láti ilẹ̀ Austria, Susanne Wenger, tí a ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, wà lára àwọn tí ó dìde dáàbò bò ó. Òun àti àwọn oníṣọ̀nà Òṣogbo fi ère àti ògiri yí igbó ká, ìjọba àpapọ̀ sì sọ ibẹ̀ di ohun àjogúnbá ní 1965, UNESCO fi orúkọ rẹ̀ sí ìwé ní 2005. Àdùnní kú ní Òṣogbo ní 2009. Iṣẹ́ olórìṣà àti iṣẹ́ ìdáàbò bo igbó, ọ̀kan ni wọ́n jẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n odò kì í bẹ̀rẹ̀ ní ibi tí a ti ń bọ ọ́. Àwọn tí ń wa góòlù ní apá òkè, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ti da omi Ọ̀ṣun rú, tí ó fi pọ́n bí amọ̀, kò sì sí èèwọ̀ tí Ìyá Ọ̀ṣun lè pa ní Òṣogbo tí yóò dé etí wọn. Òjíṣẹ́ tí ó bá fẹ́ tọ́jú omi yóò kọ́ láti kọ ìwé sí ìjọba pẹ̀lú, yóò sì kọ́ láti lọ jókòó sí ọ́fíìsì wọn títí wọn yóò fi dá a lóhùn.

Apá kan tún wà tí Àjàṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ kọ́ wa, èyí tí mo rí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà. Pásítọ̀ Heber Brown, nígbà tí ó wà ní ìjọ onítẹ̀bọmi tí ń jẹ́ Pleasant Hope, ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ ìjọ tí òun ń lọ bẹ̀ wò nílé ìwòsàn, ohun tí wọ́n ń jẹ ni ó ń pa wọ́n: ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, àìsàn ọkàn, ó sì rí i pé ẹ̀fọ́ tútù wọ́n kọjá agbára wọn. Ní nǹkan bí 2010, ó sọ ilẹ̀ iwájú ilé ìsìn di oko ẹ̀fọ́. Ní 2015, nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Freddie Gray, kú lọ́wọ́ ọlọ́pàá tí ìlú sì dàrú, tí àwọn ilé ìtajà ti ilẹ̀kùn, tí àwọn ọmọ kò sì rí oúnjẹ ilé-ìwé jẹ, àwọn ará àdúgbò yíjú sí ìjọ náà. Pásítọ̀ ké sí àwọn àgbẹ̀ tí ó mọ̀, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ kó ẹ̀fọ́ wá. Láti inú èyí ni ó ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ó ń so ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú pọ̀ mọ́ àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Ẹ rántí pé ní 1920, nǹkan bí 925,000 ni àgbẹ̀ dúdú tí ó wà ní Amẹ́ríkà. Lónìí wọn kò tó 50,000, nítorí ẹ̀tàn, gbèsè àti àìrí owó yá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ohun tí Pásítọ̀ Brown rí ni pé ìjọ ní ohun mẹ́ta tí àgbẹ̀ wọ̀nyí kò ní: ilẹ̀, ilé ìdáná, àti ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ń péjọ ní ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀ tí wọn yóò sì padà sílé lọ jẹun. Bí ìsìn bá parí, àgbàlá ìjọ a di ọjà.

Ohun mẹ́ta náà kò ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa. Ẹni tí ó bá gba ojú ọ̀nà márosẹ̀ láti Èkó lọ sí Ìbàdàn yóò rí ilẹ̀ tí àwọn àgọ́ àdúrà ní, yóò sì rí iye ènìyàn tí ń jẹun níbẹ̀ ní ọjọ́ àpéjọ kan ṣoṣo, bóyá láti inú ìkòkò tí gbogbo ohun inú rẹ̀ jẹ́ ríràwá. Ìjọ tàbí mọ́ṣáláṣí tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ mọ ẹni tí yóò jẹ oúnjẹ náà kí ó tó mọ ohun tí yóò gbìn. Kí ó gba ìwé ilẹ̀ náà tọwọ́-tẹsẹ̀, nítorí oko tí ó bá dára ní ọdún kẹta ni olórí ẹbí ń rántí pé ilẹ̀ baba òun ni. Kí ó má ṣe fi oko sí abẹ́ ẹni tí ó kàn mọ àdúrà gbà, bí kò ṣe ẹni tí ó lè fi ọwọ́ kan ẹyin eṣinṣin kí ó sì sọ ọjọ́ tí yóò pa. Ìwé owó oko gbọ́dọ̀ dá yàtọ̀ sí ìwé ọrẹ. Bí adágún ẹja bá gbé owó mì ní oṣù kan, kí ó hàn pé ó gbé e mì, kí a má ṣe fi owó ìdá mẹ́wàá dí i kí a sì wá máa jẹ́rìí pé Ọlọ́run bùkún oko. Àwọn tí ó gbìyànjú bẹ́ẹ̀ ni ó wà lára àwọn tí oko wọn ti di igbó báyìí, tí pátákó orúkọ rẹ̀ ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà.